Orúkọ Tí Ìyá Tápà Gbé Wá

Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Kú ewu ọmọ. Mo ti kí ọ tẹ́lẹ̀ nínú tẹligíráàmù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà sínú ìyẹn. Kò sí àyè láti sọ fún ọ pé nígbà tí a gbọ́ pé obìnrin ni o bí, màmá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gúsí, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà lọ kí gbogbo àdúgbò. Mo kí àwọn tí èmi pẹ̀lú wọn kì í sọ̀rọ̀ pàápàá.

Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà gígùn. Láti ìgbà tí o ti wà ní Wales, ojú ìwé kan ni mo máa ń kọ: ara wa le, òjò ti rọ̀, mú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ ní ọ̀kúnkúndùn, má gbàgbé àdúrà. Èyí yóò gùn. Jọ̀wọ́ kà á tán kí o tó bínú, nítorí ohun tí o ní kí n ṣe fún ọ kọ́ ni n óò ṣe.

O kọ̀wé pé ìyá Emrys ọkọ rẹ fẹ́ kí ọmọ náà máa jẹ́ Angharad, orúkọ ìyá tirẹ̀, orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ wọn. O ní orúkọ náà le lẹ́nu, pé kò sí ẹnì kan ní gbogbo Ìbàràpá tí yóò lè pè é, pé orúkọ Yorùbá ni ọmọ rẹ yóò kọ́kọ́ jẹ́. O ní nígbà tí o sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà, ó dìde. Ó kó òwú tí ó fi ń hun súwẹ́tà ọmọ sínú báàgì rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì tíì padà wá láti ọjọ́ náà. Ní báyìí o fẹ́ kí n fi orúkọ kan ránṣẹ́, kí n sì kọ ọ́ pẹ̀lú àṣẹ pé òun ni kí ó ṣíwájú, kí o lè na ìwé sí wọn pé bàbá rẹ ti sọ̀rọ̀. O ní kí n yára, nítorí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ìjọba ibẹ̀ fún yín láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ọ, lẹ́tà yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ta ni ọmọ rẹ̀ yóò wà lókè òkun fún ọdún gbọọrọ, tí yóò fẹ́ òyìnbó, tí yóò tún máa sọ pé ohun tí bàbá òun bá sọ ni abẹ gé, tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Ọ̀sán ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé gan-an ni mo jókòó kọ èsì. Mo kó orúkọ jọ bí ẹni ń kó àgbàdo sínú àká. Mo kọ ọ́ pé èmi bàbá rẹ pa á láṣẹ. Lẹ́yìn náà ni mo mú un jáde lọ bá màmá rẹ ní ìta, níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gúsí, mo kà á fún un láti òkè délẹ̀.

Mo ní, "Màmá Yínká, kí lo rí sí i?"

Ó bó díẹ̀ sí i kí ó tó dáhùn. "Ó dára. Ẹ mọ ìwé kọ, ta ló lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n kọ?"

"Ṣùgbọ́n kí ni?"

"Kò sí ṣùgbọ́n kankan. Ìyá yẹn ni mo kàn ń rò. Ẹ ní ó kó òwú rẹ̀, ó lọ sílé." Ó gbọn èèpo kúrò lára ìró rẹ̀. "Ìyá tèmi náà lọ sílé bẹ́ẹ̀."

 Mo wọlé, mo fa lẹ́tà náà ya. Ìdí tí mo fi fà á ya ni mo fẹ́ kí o gbọ́, nítorí o kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lé lórí.

Nígbà tí a bí ọ, tíṣà kékeré ni mí ní Èrúwà, mo ní kóòtù kan, mo sì rò pé mo ní làákàyè. Igbó-Ọrà níbí ni a ti sọ ọ́ lórúkọ, ní ilé bàbá mi. Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi Bàbá Jósẹ́fù ló wà ní ipò olórí ilé. O mọ bí a ṣe ń ṣe é ní ilé wa. A ó gbé abọ́ omi sí àárín agbo. Àwọn ará ilé bàbá ọmọ á kọ́kọ́ sọ orúkọ tiwọn, ará ilé ìyá á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni olórí ilé á fi omi náà kan ọmọ lórí, á sì da ìyókù sí ẹsẹ̀ ògiri. Bí omi bá ti dànù, orúkọ ti parí. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ ló dé bá.

Ìyá Tápà, ìyá tó bí màmá rẹ, ti ránṣẹ́ ṣáájú pé òun ń gbé orúkọ kan bọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wọ̀ láti ìlú Tápà, ní Ìbàràpá wa níbí, bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ rìn títí ó fi rí ẹni tó gbé e. Nígbà tí ó dé, eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, omi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rin wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri. Màmá rẹ ti gbé ọ wọ yàrá lọ láti fún ọ lọ́mú.

Ìyá Tápà kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọkọ̀ ló dá mi dúró. Mórẹ́nikẹ́ ni orúkọ tí mo gbé wá fún ọmọ mi."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ orúkọ yẹn ni ó mú. Ìyá yìí bímọ bímọ, wọn kò dúró fún un. Màmá rẹ nìkan ló yè. Ó ti wá rí ọmọ ọmọ, ó rí ẹni tí yóò máa kẹ́.

Bàbá Jósẹ́fù ní, "Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Omi ti dànù."

Ni gbogbo wọn bá wò mí. Àjíkẹ́, ohun tí mo ní láti sọ kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí a bu omi mìíràn. Ìkòkò omi kò jìnnà sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá kò ní bá mi jà; ó ti sọ fún mi láti ìgbà náà pé ohun tí èmi yóò sọ ni òun ń retí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí àwọn ará ilé wa máa sọ pé àna mi ló ń darí mi. Mo fẹ́ ṣe ọkùnrin lójú wọn. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá, ẹ bá wa tọ́jú ìyẹn ná. Èyí tí a bá tún bí, tiyín ni."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Tápà náà rẹ́rìn-ín. Màmá rẹ ń gbọ́ ẹ̀rín wa láti inú yàrá. Ìyá jẹun díẹ̀, ó gbé ọ jó, ó sì lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sí Tápà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò tún sùn ní ilé wa mọ́ láyé. Yóò wá, yóò kó irú àti èlùbọ́ wá fún wa, yóò kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò sì lọ.

Ìwọ náà mọ àwọn tí màmá rẹ bí tẹ̀ lé ọ. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Orúkọ tí mo ní kí wọ́n bá wa tọ́jú kò rí ọmọ tí yóò jẹ́ ẹ.

Ì bá ṣe ibẹ̀ ni mo dúró sí, ì bá sàn. Ní ọlidé kan, eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, o ti Tápà dé, o sáré wá bá mi lórí àga. O ní, "Bàbá, mo ní orúkọ mìíràn o. Mórẹ́nikẹ́ ni mò ń jẹ́ ní Tápà."  Mo rò pé ṣe ni ìyá náà ń fọgbọ́n gba ohun tí a kò fún un. Mo ní, "Ọláyínká lò ń jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe orúkọ rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, má dáhùn."

Ọmọ tó ń gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ni ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí a sin Ìyá Tápà tán ni màmá rẹ tó sọ ìyókù fún mi. Ní ọlidé tó tẹ̀ lé e, òun náà wà ní Tápà lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ pè ọ́ láti ìdí àdògán pé, "Mórẹ́nikẹ́, wá gba ẹ̀pà." O dúró sójú kan, o kò dáhùn. Ó tún pè ọ́. O ní, "Bàbá mi ní kì í ṣe orúkọ mi." Màmá rẹ ní ìyá òun bu ẹ̀pà náà sínú àwo, ó fẹ́ eérú kúrò lára rẹ̀, ó ní, "Kò burú. Ọláyínká, wá gba ẹ̀pà." Ọláyínká ni ó sì ń pè ọ́ títí ó fi kú.

Mo bi màmá rẹ léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?"  

Má ṣe di ẹrù yìí lé ara rẹ lórí. Ọmọdé ni ọ́, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni o tẹ̀ lé. Èmi ni mo jẹ̀bi, ó sì ń dùn mí. Ó máa ń dùn mí jù nígbà tí mo bá rí obìnrin arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Tápà tòun ti ẹrù lórí. Kò sí ẹni tí mo lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àfi kí n má jẹ́ kí o ṣe irú rẹ̀.

Gbọ́ ìmọ̀ràn mi wàyí.

Èkínní, Angharad ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ jẹ́. Èmi tí mo fi àṣà dá ènìyàn padà, wo ibi tí àṣà náà gbé mi dé. Ní ilé wa, ilé bàbá ọmọ ló ń ṣíwájú. Ilé Emrys ni ilé bàbá ọmọ rẹ. Ará ilé ìyá ni èmi. Èmi ni mo ti ọ̀nà jíjìn gbé orúkọ dé lónìí, tí eruku bo ẹsẹ̀ mi dé orúnkún. Bí mo bá wá gbàgbé àṣà nítorí pé ó kàn mí, kí ni mo sọ fún Ìyá Tápà lọ́jọ́ náà? Má fi orúkọ mi bá ìyá ọkọ rẹ jà. N kò fún ọ láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, dìde lọ sí ilé rẹ̀. Má rán Emrys. Ìwọ ni kí o gbé ọmọ náà lọ, kí o gbé e lé e lọ́wọ́ kí o tó sọ ohunkóhun. Sọ fún un pé o ti gbà. Kí o wá ní kí ó sọ ti Angharad àkọ́kọ́ fún ọ, ìyá tó bí i: irú iṣẹ́ tí ó ṣe, ohun tí ó máa ń sè, bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, ohun tí ó máa ń bí i nínú. Jókòó gbọ́ ọ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Èmi kò bi Ìyá Tápà ní nǹkan kan rí. N kò mọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó sin. Màmá rẹ mọ díẹ̀ nínú wọn, ìyókù ti bá ìyá náà lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ pe orúkọ náà pé. Ẹ má gé e sí Ann nítorí pé ẹ̀ ń kánjú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ni ní Lánlátẹ̀, gbogbo orúkọ tó bá gùn ni mò ń gé, èyí tí kò bá sì wù mí, mo ń fi ti òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n mú ọmọ kan wá tó ń jẹ́ Àjàgbé. Mo sọ ọ́ di Wílfúrẹ́ẹ̀dì, nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí orúkọ náà nínú ìwé kan, ó sì ń dùn lẹ́nu mi. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ó ń ta pákó ní Èrúwà, Fúrẹ́ẹ̀dì Onípákó ni gbogbo ayé ń pè é. Ìyá rẹ̀ kì í pàdé mi kí ó má sọ pé, "Tíṣà, ẹ ò tíì dá orúkọ ọmọ mi padà fún mi?" Ó máa ń fẹ̀rín sọ ọ́, èmi náà a sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo bá délé, oúnjẹ kì í wù mí jẹ bọ̀rọ̀. Ìwọ náà kọ̀wé sí mi nígbà kan bí wọ́n ṣe sọ Ọláyínká di Olive ní ọsibítù rẹ, o ní o wọ ilé ìwẹ̀ lọ, o sunkún. O mọ bí ó ṣe ń rí. Má ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọmọ tìrẹ.

Èyí tí o wí pé kò sí ẹni tí yóò lè pè é ní Ìbàràpá kì í ṣe òótọ́. Màmá rẹ ti ń pè é. Ó ní kí n ka ibi tí o ti ṣàlàyé rẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń wí i lẹ́nu bí ó ṣe ń bó ẹ̀gúsí. Èmi tí mo kàwé ni mo ṣì ń kọsẹ̀. Bí a bá jí láàárọ̀, á ní kí n wí i kí òun gbọ́, bí ìgbà tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé ka ìsọdipúpọ̀. Bí mo bá ṣì í, kì í gbé ẹ̀kọ mi wá.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ti Emrys. Má dá a sí méjì láàárín ìwọ àti ìyá rẹ̀. O ní kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kó òwú rẹ̀ lọ, o sì ń bínú sí i nítorí rẹ̀. Màmá rẹ náà kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ tèmi. Mo rò pé ó gbà pẹ̀lú mi ni. Ó gba ọdún gbọọrọ kí n tó mọ̀ pé kò gbà. Béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ, kí o sì fún un láyè kí ó dáhùn.

Orúkọ tiwa wá ńkọ́? N kò fi ìkankan nínú èyí tí mo kó jọ ránṣẹ́. Mo lọ bá màmá rẹ, mo ní, "Ìwọ ni kí o sọ èyí tí n óò kọ." Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó gbé agbọ̀n ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n tún ibi tí o ti túmọ̀ Angharad kà fún òun, níbi tí o ti sọ pé ẹni tí a fẹ́ràn gidigidi ni. O kọ ọ́ kọjá wéré ni, èmi náà sì kà á kọjá wéré. Mo tún un kà.

Màmá rẹ nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó ní, "Mórẹ́nikẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbà ni o. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ dáadáa pé tí wọ́n bá gbà ni."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀: tí wọ́n bá gbà ni. Fi í ṣe ìkejì, kí o sì bẹ ìyá Emrys fún un. Sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Tápà fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ, má bò mí láṣìírí. Bí kò bá gbà, má bá a jà. Máa pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá ń wẹ̀ ẹ́, ó tó. Orúkọ yòówù kí ìyá náà tún máa fi pe ọmọ yẹn nílé rẹ̀, jẹ́ kí ó dáhùn. Àjíkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún ọmọ náà láéláé pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Mo ti lọ rí Bàbá Jósẹ́fù. Ó ti darúgbó, kò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní, "Omi wo lo tún fẹ́ bù?" Mo ní èyí tí n kò bù lọ́jọ́sí ni. Ó mi orí, ó ní kí n mú òun lọ́wọ́ dání tí ọjọ́ tí a ó da omi náà bá pé.

Abọ́ omi náà wà lórí tábìlì ní pálọ̀ báyìí. Kò sí ẹni tí yóò dà á nù títí lẹ́tà rẹ yóò fi dé, yálà wọ́n gbà tàbí wọn kò gbà. Bí ó bá ti fẹ́ gbẹ, màmá rẹ máa ń bu òmíràn kún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
ará ilé ìyá ọmọ.